Bí Ẹ Ṣe Máa Múra Ọmọ Yín Sílẹ̀ fún Ìdánwò LAMDA, Láti Ọjọ́ Ìforúkọsílẹ̀ Títí Dé Ọjọ́ Èsì

Òbí tó bá ti mú ọmọ lọ sí ọjọ́ àjọ̀dún àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ bí àkọ́sórí ṣe máa ń rí. Ọmọ á jáde síwájú, á kí gbogbo ìjọ, á wá fi gbogbo agbára ọ̀fun ké ohun tí wọ́n ti fi oṣù kan gbáko kọ́ ọ. Bó bá gbàgbé, àwọn ìyá ìjọ á rán an létí láti ìsàlẹ̀. Bó bá parí, àtẹ́wọ́ á sọ, wọ́n á sì náwó fún un. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ mọ̀ pé èèyàn lè dúró níwájú èrò kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ̀n. Mi ò ní fojú kéré rẹ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ìdánwò LAMDA, ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ àti eré ṣíṣe tí àwọn ọmọ wa ń ṣe níbí, kì í ṣe àkọ́sórí. Yàrá kan ni, tábìlì kan, àga kan, àti ẹnì kan ṣoṣo tó jókòó tòun ti bírò lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa pàtẹ́wọ́. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń múra àwọn ọmọ sílẹ̀ fún un ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí, ọmọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Ohun tí mo rí ni pé àwọn ọmọ wa kì í sábà pàdánù máàkì nítorí pé wọn ò mọ iṣẹ́ wọn lórí. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju orúkọ wọn lọ. Ibi tí olùdánwò bá ti gbé bírò sílẹ̀ tó ní kí àwọn jọ sọ̀rọ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ti máa ń yẹ̀, nítorí pé ilé ti kọ́ wọn pé ọmọ kì í wo ojú àgbà, kì í sì í sọ tẹnu rẹ̀ àfi bí wọ́n bá bi í. Ibẹ̀ ni màá ti pẹ́ jù lọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí.

Ohun tí ìdánwò náà jẹ́

LAMDA ni ilé ẹ̀kọ́ eré ìtàgé kan ní ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1861. Yàtọ̀ sí àwọn òṣèré tó ń kọ́, ó ń ṣe ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ àti eré ṣíṣe fún ẹnikẹ́ni, láti orí ọmọ kékeré títí dórí àgbàlagbà. Gíréèdì 1 dé 8 ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí kò tíì tó gíréèdì 1. Mẹ́ta tó kẹ́yìn ní orúkọ àmì ẹ̀yẹ: gíréèdì 6 ni bàbà, 7 ni fàdákà, 8 ni wúrà. Ofqual, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìdánwò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń bójú tó o, àwọn gíréèdì mẹ́ta tó kẹ́yìn yìí sì ní póìǹtì UCAS (àjọ tí wọ́n ń gbà wọ yunifásítì) tí ọmọ lè fi kún ìwé ìwọlé rẹ̀. Trinity College London, àjọ ìdánwò mìíràn, náà ń ṣe irú ìdánwò báyìí. Ìmúrasílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ bá méjèèjì mu, ṣùgbọ́n òfin LAMDA ni mò ń tẹ̀ lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yan ẹ̀ka àti gíréèdì

Ẹ̀ka ìdánwò pọ̀. Ó wà fún ewì àti ọ̀rọ̀ geere, ó wà fún eré ṣíṣe, tí ọmọ lè dá ṣe tàbí kí ó ṣe pẹ̀lú ẹnì kejì, ó wà fún ìwé kíkà sétígbọ̀ọ́ àti fún ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ. Ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn ṣùgbọ́n tí ojú máa ń tì í, ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ewì àti ọ̀rọ̀ geere. Èyí tó ń fara wé pásítọ̀ àti àwọn ìyàwó àdúgbò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ fi sí eré ṣíṣe.

Kò pọn dandan kí ọmọ ti yege ní gíréèdì 1 kó tó ṣe gíréèdì 3. Èyí ló ń ti àwọn òbí kan sínú àṣìṣe. Wọ́n á ní, "Ọmọ Màmá Tóbi ti ń ṣe gíréèdì 5, kí ló dé tí tèmi wà ní 2?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń lò ní gíréèdì òkè ní ọ̀rọ̀ àgbà nínú, ìfẹ́ tó bàjẹ́, ikú, ìrẹ́jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè há a sórí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi í pé kí ló ń dun ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yẹn, kí ni yóò sọ? Gíréèdì tí ọmọ bá ti lè ṣàlàyé gbogbo gbólóhùn inú iṣẹ́ rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, òun ni gíréèdì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ yan iṣẹ́ tó bá òfin mu

Ìwé òfin gíréèdì kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní sílábọ́ọ̀sì, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kà á fúnra yín, ẹ má gbára lé ohun tí ẹnì kan sọ fún yín ní iwájú géètì ilé ìwé. LAMDA máa ń tẹ ìwé àkójọpọ̀ ewì, ìtàn àti eré jáde, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń mú iṣẹ́ tí wọ́n yàn fún gíréèdì kọ̀ọ̀kan. Níbi tí sílábọ́ọ̀sì bá ti gba ọmọ láàyè láti mú tirẹ̀ wá, ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ wò.

Àkọ́kọ́, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti tẹ̀ jáde. Ewì tí bùọ̀dá kan kọ fún ọjọ́ ìbí ọmọ yín kò wọlé, bó ti wù kó dùn tó. Ìkejì, ọ̀rọ̀ geere kò gbọ́dọ̀ wá láti inú eré. Fún eré ṣíṣe, ẹ wo ohun tí sílábọ́ọ̀sì fọwọ́ sí. Ìkẹta ni àkókò. Gíréèdì kọ̀ọ̀kan ní iye ìṣẹ́jú tirẹ̀, olùdánwò sì lè dá ọmọ dúró bó bá kọjá rẹ̀. Ẹ gbé fóònù jáde, kí ọmọ sọ iṣẹ́ náà bó ṣe máa sọ ọ́ lọ́jọ́ ìdánwò, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́ inú rẹ̀, kí ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá gùn jù, ẹ gé e níbi tí ìtàn kò ti ní já.

Ìwé àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n kọ ní Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ohun tí ọmọ lè yàn bí òfin gíréèdì náà bá fi àyè sílẹ̀, inú mi sì máa ń dùn nígbà tí ọmọ bá yàn án. Ẹ kàn rí i pé ó pe orúkọ inú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń pe Àdùkẹ́ bí ẹni ń pe orúkọ ìlú kan ní Scotland, bẹ́ẹ̀ Àdùkẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá ìyá rẹ̀. Mo ní kó fóònù màmá àgbà ní Ìbàdàn kó sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo ìtàn náà ti yí padà lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé ẹnì kan tó mọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wàyí.

Ọ̀rọ̀ ohùn Gẹ̀ẹ́sì náà ńkọ́? Ẹ má ná owó lórí pé kí wọ́n bá yín yọ ohùn ilé kúrò lẹ́nu ọmọ. Kò sí òfin pé kí ọmọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n bí ní ààfin ọba. Kí ọ̀rọ̀ jáde ketekete ni wọ́n ń wá: kí ìparí ọ̀rọ̀ má máa kú sẹ́nu, kí "th" yàtọ̀ sí "t".

Ìgbésẹ̀ kẹta: kí ó yé e kó tó há a sórí

Bí ọ̀pọ̀ òbí ṣe ń ṣe é ni pé kí ọmọ kọ́kọ́ há a sórí, kí wọ́n tó wá máa wá ìtumọ̀. Ẹ yí i padà. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má há ohunkóhun sórí. Ẹ jọ kà á. Kí ọmọ sọ ìtàn náà fún yín ní Yorùbá, tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú kó tó yanu? Èyí tó ti há sórí láì yé e yóò ti ní orin nínú, orin yẹn kì í sì í kúrò mọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n: ohùn á lọ sókè, á sọ̀ kalẹ̀, ìlà kan sí èkejì, bí ẹni ń gún iyán.

Nínú ewì, òpin ìlà kọ́ ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹ wo méjì yìí tí mo fi Yorùbá ṣe kó lè hàn:

*Ìyá mi jáde láàárọ̀ lọ sí ọjà*
*Òṣòdì, kò padà wá jẹun alẹ́.*

Ọmọ tó bá dákẹ́ pátápátá lẹ́yìn "ọjà" ti gé orúkọ ọjà náà sí méjì. Èyí tó bá sáré wọ ìlà kejì bí ẹni tó ń kàwé ìròyìn ti pa ewì. Ohun tó yẹ ni kí ohùn gbé "ọjà" dání díẹ̀ láì jẹ́ kó jábọ́, kó tó gúnlẹ̀ sórí "Òṣòdì," kó wá dákẹ́ níbẹ̀. Ìdákẹ́ ẹ̀yìn "Òṣòdì" yẹn ni gbogbo ẹ̀rù inú ewì náà wà. Kí ọmọ gbìyànjú rẹ̀ lọ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó sì sọ èyí tó dùn ún jù, ká tó mú u lọ sínú ewì Gẹ̀ẹ́sì.

Ọwọ́ náà: bí wọ́n bá ti ní "ọkàn", ọmọ á fọwọ́ lé àyà, bí wọ́n bá ti ní "ojú ọ̀run", ìka á lọ sókè. Àkọ́sórí ló ti kọ́ ọ. Mo máa ń ní kí ọmọ fọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí ohùn nìkan ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni màá tú ọwọ́ sílẹ̀, èyí tó bá wá jáde fúnra rẹ̀ nìkan la máa ń fi sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ọ̀rọ̀ tí ọmọ máa bá olùdánwò sọ

Ohun mẹ́ta ni LAMDA ń fún ní máàkì: bí ọmọ ṣe túmọ̀ iṣẹ́ náà, bó ṣe lo ohùn àti ara rẹ̀, àti ìmọ̀ rẹ̀ nípa ohun tó ń ṣe. Ẹ̀kẹta yìí ni wọ́n ń fi ìbéèrè wá. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n á béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Bí gíréèdì ṣe ń gòkè ni ìbéèrè ń jinlẹ̀: bí ọmọ ṣe ń mí, iṣẹ́ tí ahọ́n àti ètè ń ṣe, ìdí tó fi yí ohùn padà níbì kan, ìgbà tí òǹkọ̀wé náà gbé ayé àti bó ṣe hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an. A ṣe ìdánwò ìdánrawò, mo fi olùkọ́ mìíràn tí kò mọ̀ ṣe olùdánwò. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, irun ara mi dìde. Olùkọ́ náà ní, "Kí ló dé tó o dákẹ́ níbi lẹ́tà yẹn?" Ọmọ náà wolẹ̀. "Because she is sad, ma." Ó tán. Olùkọ́ dúró dè é, ọmọ náà dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọwọ́ ẹ̀yìn. Nígbà tí a jáde mo bi í ní Yorùbá, ó sì sọ fún mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún: pé ọmọ inú ìtàn náà mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà kó tó ṣí i, pé òun dákẹ́ nítorí pé bí kò bá ṣí i, kò tíì ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ èyí fún wọn?" Ó ní, "Ẹ̀yin àti Mọ́mì lẹ ní kí n má máa bá àgbà jiyàn."

Ọmọ yẹn kò ṣe ohun tó burú. Ohun tí a kọ́ ọ ló ṣe. Nítorí náà, àwa la gbọ́dọ̀ kọ́ ọ ní èkejì, ká sì sọ fún un gbangba pé kò ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Màá sọ fún ọmọ náà pé ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà bá ń pa àlọ́ àpamọ̀. Àgbà ló pa á, ọmọ ló ń já a, ẹnikẹ́ni ò sì ní sọ pé ọmọ tó já àlọ́ ti ṣe àfojúdi. Olùdánwò ló ń pa àlọ́. Wọ́n ń retí kó já a. Kódà wọ́n fẹ́ gbọ́ bó ṣe já a.

Lẹ́yìn náà, nílé, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lálaalẹ́, nígbà tí ẹ bá ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́ tàbí tí ẹ ń di irun rẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ náà. Òfin méjì: kí ìdáhùn kankan má jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo, kó sì máa wo ojú yín. Bó bá ní "ó ń bínú", ẹ ní "báwo lo ṣe mọ̀?" kó tọ́ka sí ọ̀rọ̀ inú iṣẹ́ náà tó fi í hàn. Ẹ tún máa sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kó lè kọ́ bí a ti ń sọ pé, "Rárá, ma, mi ò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé..." Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tó bá ta kò yín, ẹ yìn ín. Ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu.

Ẹ má kọ ìdáhùn fún un kó máa há a sórí. Olùdánwò á mọ̀ kíá, nítorí pé ohùn àkọ́sórí á tún padà dé. Bí kò bá gbọ́ ìbéèrè, kó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tún un sọ. Kò sí máàkì tí wọ́n ń yọ fún ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìforúkọsílẹ̀ àti ìwé

Àwọn ilé ìwé kan àti olùkọ́ máa ń fi orúkọ àwọn ọmọ tiwọn ránṣẹ́ fúnra wọn; bí kò bá sí, ibùdó ìdánwò gbogbogbòò wà. Wọ́n tún ń ṣe é láti orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ tí ẹ bá kọ sílẹ̀ ni wọ́n á tẹ̀ sára ìwé ẹ̀rí. Ilé ìwé lè máa pe ọmọ ní Tolu nígbà tí Toluwanimi wà nínú pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ẹ fúnra yín wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́ kí wọ́n tó fi ránṣẹ́, nítorí pé ìwé gíréèdì 6 sókè lè jẹ́ èyí tí yunifásítì máa wò.

Bí ọmọ bá ń kólòlò, tí kíkàwé bá ṣòro fún un, tí etí rẹ̀ kò bá gbọ́ dáadáa, tàbí tó ní ohun mìíràn tó yàtọ̀, ẹ sọ ọ́ nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí wọ́n lè fún un ní àyè tó yẹ. Mo mọ bí ó ṣe máa ń ṣòro fún wa láti sọ irú rẹ̀ fún àjèjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ọmọ náà ni, kì í ṣe àánú, ẹni tí ẹ ò bá sì sọ fún kò lè ṣe é.

Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo iṣẹ́ tí ọmọ fẹ́ ṣe fún olùdánwò, kó mọ́ kedere, pẹ̀lú àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé. Ẹ̀dà kan ni tiwọn, ẹ̀dà kan ni kó wà nínú àpò yín. Mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé rí, mo sì sáré kiri títì láàárọ̀ Sátidé tí mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣe fótókọ́pì nígbà tí ọmọ náà dá nìkan jókòó, tí ó ń sunkún. Láti ìgbà yẹn, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo ń fi wọ́n sínú báàgì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ọjọ́ ìdánwò

Kí ọmọ jẹun, ṣùgbọ́n kó má jẹ ohun olóòróró tàbí wàrà tó máa há sí ọ̀fun. Aṣọ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó sì mọ́ ni kó wọ̀. Kò nílò aṣọ eré látòkè délẹ̀. Ìborùn kan tàbí fìlà kan tó bá ran iṣẹ́ lọ́wọ́ ti tó. Iná àti ohun ìjà kò gbọ́dọ̀ wọlé.

Ẹ̀yin òbí kò ní wọlé. Ẹ má dúró ní ẹnu ọ̀nà kẹ́ ẹ máa gbọ́.

Bí ó bá wọlé, kó gbé ojú sókè, kó rẹ́rìn-ín, kó kí wọn. Kò ní kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kúnlẹ̀ kí yín nílé kí ẹ tó jáde, kí ara rẹ̀ lè balẹ̀ pé ó ti ṣe é. Kó fún wọn ní ẹ̀dà iṣẹ́, kó lọ dúró síbi tí àyè wà, kó sọ àkọlé àti orúkọ òǹkọ̀wé, àti orúkọ ẹni inú eré tó ń ṣe bó bá jẹ́ eré. Lẹ́yìn èyí kó dákẹ́, kó mí, kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń so orúkọ òǹkọ̀wé pọ̀ mọ́ ìlà àkọ́kọ́ bí ẹni tí ajá ń lé.

Olùdánwò á máa kọ̀wé nígbà tí ọmọ ń sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún un ṣáájú, nítorí pé àwọn kan rò pé àṣìṣe ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ohùn wọn á sì wálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sá, kó má bẹ̀bẹ̀, kó má sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Kó dúró nínú ẹni tó ń ṣe, kó mí, kó ronú ohun tí ẹni náà ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ sábà máa ń padà wá. Bí kò bá wá, kó fo lọ sí ibi tó mọ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: èsì

Ọgọ́rùn-ún ni máàkì. 50 ni ìyege, 65 ni ìyege tó dára, 80 sókè ni ìyege tó ta yọ. Ìwé àlàyé olùdánwò á bá a wá, ẹ kà á pẹ̀lú ọmọ kẹ́ ẹ tó fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Ẹ wá gbólóhùn kan tó sọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn, kí ọmọ kà á sókè. Lẹ́yìn náà, ẹ wá èyí tó sọ ohun tó kù, kẹ́ ẹ bi í bóyá òun náà rò bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òun ò rò bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé.

Bí èsì bá rú yín lójú gan-an, ọ̀nà wà láti béèrè pé kí wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ibùdó tó forúkọ sílẹ̀ ni ẹ máa gbà, ó ní àsìkò tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, nítorí náà ẹ má fi falẹ̀. Ẹ fi ìwé àlàyé náà sínú fáìlì kan, pẹ̀lú ẹ̀dà iṣẹ́ tí ọmọ ti ṣe àti ọjọ́ tó ṣe é, kó má bàa tún mú iṣẹ́ kan náà lọ sí gíréèdì tó ń bọ̀.